Ìdajì Ẹyin

Ọjọ́bọ̀ ni nọ́ọ̀sì náà dé, ọmọ kékeré,
bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀ Ìsọkùn,
ó ní òun wá kọ́ wa bí a ṣe ń bọ́ ọmọ.
Mo wo Ìyá Ìbídùn. Ìyá Ìbídùn wò mí.
Èmi tí mo tọ́ méje, tí mo tún ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ
láti ọdún mọ́kàndínlógún ní jéléósinmi yìí,
tí mo dá igbe ebi mọ̀ yàtọ̀ sí igbe oorun
láti ẹ̀yìn ògiri!
Mo ní, "Ẹ jókòó, nọ́ọ̀sì. Ẹ kọ́ wa."
Ẹ̀rín wà lábẹ́ ahọ́n mi bí awẹ́ obì.

Kò mú ìwé jáde.
Ó ní kí Fìyìnfólú di ìkúùkù,
ó gbé ìkúùkù náà lé tábìlì
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ẹ̀kọ wa.
"Ẹ wò ó. Ikùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju èyí lọ.
Bí ẹ bá fi ẹ̀kọ olómi kún un láàárọ̀,
níbo ni ẹja yóò gbà wọlé?"
A dákẹ́.
Ìyá Ìbídùn ń wo ìkúùkù tirẹ̀.

Ó wá béèrè ọmọ tó sanra jù.
Ẹ ò bá wo bí mo ṣe yára!
Mo gbé Jọláadé síwájú, ọmọ ọdún mẹ́ta,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ rọ̀bọ̀tọ̀, ẹsẹ̀ rọ̀bọ̀tọ̀,
ọmọ tí kì í sá kiri, tí kì í da ẹnikẹ́ni láàmú,
tí ń mu ife ògì méjì láìwojú ẹni.
Àwọn òbí mìíràn a máa ní,
"Ẹ bá mi ṣe tèmi kó rí bíi tiẹ̀."
Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀.
Ó fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ ọmọ náà,
ó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó gbé ọwọ́ kúrò.
Ibẹ̀ jìn.
Kò padà.
Kòtò kékeré, bí ojú ìka nínú iyán àná.

Omi ni, kì í ṣe ọ̀rá.
Ebi ló wú bẹ́ẹ̀ tí mo ń fi yangàn.
Èmi ni mo pọ̀n ọ́n lọ sí Wẹ́sílì lọ́sàn-án ọjọ́ náà,
orí rẹ̀ ń gbá mi lẹ́yìn, kò sunkún.
Ìyá rẹ̀, tó ń ránṣọ ní Adétí, kò bú mi.
Ìbá bú mi, ìbá sàn.

Nọ́ọ̀sì padà wá lọ́sẹ̀ kejì, bàtà rẹ̀ ṣì lẹ́rẹ̀.
Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo bá a nù ún.
Ó ní ẹ̀wà, ó ní ẹ̀fọ́ tí a gé wẹ́wẹ́,
ó ní edé lílọ̀ nínú ẹ̀kọ tó ki,
ó ní ká má na ọmọ sídìí abọ́, ká bá a jókòó jẹ ẹ́.
Ó wá dárúkọ ẹyin.

Ẹyin kẹ̀!
Ìyá mi lé mi yí ilé ká ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà
tòun ti pàṣán, nítorí ẹyin ẹyọ kan:
"Ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin, olè ni yóò dà."
Mo sọ ọ́ fún méje mi. Mo sọ ọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ.
Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní,
"Mà, ohun tí a bá fi du ọmọ ni ọmọ ń jí."

Láàárọ̀ òní mo se ẹyin mẹ́wàá fún ogún ọmọ.
Òwú ìránṣọ ni mo fi là wọ́n,
ìyá Jọláadé ló bù ú fún mi.
Jọláadé ti padà, ó ti tín-ín-rín, ó ti di oníwàhálà:
ó gun àga, ó da omi nù, ó bu Fìyìnfólú jẹ.
Ọlọ́run, mo dúpẹ́ ìjẹ yẹn.

Ìdajì kan ṣẹ́ kù. Ibà ń ṣe ọmọ kan, kò wá.
Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì.
Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná,
mo jẹ ẹ́.
Jọláadé ti dúró síbẹ̀. Ó wò mí títí.
"Màmá," ó ní,
"ẹyin wà ní àgbọ̀n yín."